Yàrá Ìgbohùnsílẹ̀ Nínú Ilé: Ohun tí Olùkọ́ Etíkan Níláti Mọ̀ Kí Ó Tó Ra Ẹ̀rọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lóde òní, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń fi kọ̀ǹpútà gba orin sílẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ń sùn, àwọn olùkọ́ wa pẹ̀lú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kó orin àti ìtàn ìlú wọn jọ. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń ti ẹnu wọn jáde ni pé: ẹ̀rọ wo ni kí a rà? Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ni irú ilé tí a ó ti ṣe iṣẹ́ náà, ẹni tí a fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àti ohun tí èdè ẹni náà ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá dáhùn àwọn wọ̀nyí tán yóò rí i pé owó tí òun yóò ná kò pọ̀ tó bí òun ti rò.

Mo mú Etíkan ṣe àpẹẹrẹ nínú àròkọ yìí. Etíkan jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ ọba Ìlàjẹ tí ó wà ní etí òkun, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Igbókọ̀dá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìdí mẹ́ta ni mo fi yàn án. Èkíní, ohun gbogbo tí ó lè da ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ láàmú ni ó pé sí etí omi náà: ariwo òkun, atẹ́gùn oníyọ̀, ilé pákó, àti àìsí iná mànàmáná tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Bí iṣẹ́ yìí bá ṣeé ṣe níbẹ̀, kò sí ibi tí kò ní ṣeé ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá. Èkejì, ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ kò sí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àti àwo orin tí à ń fi kọ́ ọmọ. Ẹ̀kẹta ni ó sì wúwo jùlọ. Òkun ń jẹ ilẹ̀ etí omi Ìlàjẹ. Ní Ayétòrò, ìlú tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni omi ti gbé lọ. Bí òkun bá gbé ilé lọ, a lè kọ́ òmíràn sí òkè; ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó mọ orin bá túká sí ìlú onílùú, ta ni yóò tún kó wọn jọ láti jọ lé e kí wọ́n sì jọ gbè é?

Ọ̀nà tí ohùn wa ti rìn

Láti ọdún 1877 tí Thomas Edison ti ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tí ó sì tún un sọ, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ohùn Yorùbá máa ń lọ kí a tó lè gbà á sílẹ̀. Ní ọdún 1922, ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti wà nígbà tí ilé-iṣẹ́ Zonophone gba àwọn orin rẹ̀ sínú àwo. Nígbà tí ó di ọdún 1936 tí a gba orin jùjú Túndé King sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ òkèèrè náà ni ó ni ẹ̀rọ. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ bí Decca àti EMI dá yàrá ìgbohùnsílẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, tí àwọn olórin sì ń ti ìgbèríko wọ ibẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1970 síwájú, Comfort Ọmọ́gè, ọmọ Ìkálẹ̀, aládùúgbò àwọn Ìlàjẹ, fi orin àṣíkò rẹ̀ sínú àwo, ó sì fi hàn pé ẹ̀ka-èdè etí omi lè ti orí àwo dé etí gbogbo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan. Ojú kan àwo àtijọ́ tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kò gbà ju orin nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Akọrin tí ó bá ti mọ́ lára láti ki ènìyàn fún wákàtí kan gbọ́dọ̀ gé orin rẹ̀ kúrú kí ó lè bá àwo mu. Nígbà tí àwo ńlá dé, tí ojú rẹ̀ kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, àwọn olórin jùjú tún na orin wọn gùn. Èyí fi yé wa pé ẹ̀rọ kì í ṣe ẹrú tí ó dákẹ́. Bí a kò bá pàṣẹ fún un, òun ni yóò pàṣẹ fún wa.

Kọ̀ǹpútà ni ó gbé ẹ̀rọ náà wọ inú ilé wa. Ní ọdún 1983 ni àwọn tí ń ṣe ohun èlò orin fi ẹnu kò lórí MIDI, èyí tí í mú kí dùùrù abánáṣiṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè ara wọn. Cubase dé ní ọdún 1989, Pro Tools ní ọdún 1991, FruityLoops, tí a ń pè ní FL Studio nísinsìnyí, ní ọdún 1997, àti Audacity, tí a kò fi owó rà, ní ọdún 2000. Ní ọdún 2019, akọrin ará Amẹ́ríkà kan, Billie Eilish, gbé àwo jáde tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Finneas ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nínú yàrá kékeré kan ní ilé àwọn òbí wọn. Àwo náà ni ó gba ẹ̀bùn Grammy tí ó ga jùlọ fún àwo ní ọdún 2020. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò lè sọ mọ́ pé yàrá òun kéré jù.

Bí ohùn ṣe ń di nọ́ńbà

Nígbà tí akọrin bá la ẹnu, afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ a máa gbọ̀n. Ìgbọ̀n yìí a máa sáré ní nǹkan bí mítà 345 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì kan awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà nínú máíkì gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹgọ́ ti í kan awọ ìlù. Máíkì a sọ ìgbọ̀n náà di iná kékeré nínú wáyà. Títí dé ibí yìí, kò tíì sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Àpótí kékeré kan tí a fi sí àárín máíkì àti kọ̀ǹpútà ni í wọn iná náà lemọ́lemọ́, tí í sì í kọ iye rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà.

Apẹja yóò tètè lóye ohun tí ó kù. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀, ẹja ńlá nìkan ni í mú; ẹja wẹ́wẹ́ a gba ojú rẹ̀ jáde. Bákan náà, bí a kò bá wọn ohùn níye ìgbà tí ó tó, àwọn ìró tín-ín-rín yóò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Etí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá lè gbọ́ ìró tí ń gbọ̀n láti nǹkan bí ìgbà 20 títí dé ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá. Òfin tí ó wà fún un ni pé iye ìgbà tí a ń wọn ohùn gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì iye ìgbọ̀n tí ó tín-ín-rín jùlọ lọ. Ìdí nìyí tí àwo CD, tí ó jáde ní ọdún 1982, fi ń lo ìwọ̀n 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ fíìmù ni 48,000, òun náà sì ni ó dára fún wa.

Lẹ́yìn iye ìgbà ni ìpele ìwọ̀n. Bí a bá yan bit 16, ìpele 65,536 ni ó wà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí a bá yan 24, ìpele náà ju mílíọ̀nù 16 lọ. Àǹfààní 24 ni pé a lè fi àyè sílẹ̀ lókè fún akọrin tí yóò ké tantan láìròtẹ́lẹ̀, síbẹ̀ kí ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ má bàjẹ́. Ohùn máíkì kan ní ìwọ̀n 48,000 àti bit 24 ń gba nǹkan bí megabyte 518 ní wákàtí kan. Ohun ìpamọ́ tí ó jẹ́ gigabyte 500 yóò sì gba ju wákàtí 900 lọ. Àyè kò wọ́n mọ́ bí ti ayé àwo. Kò sí ìdí tí a ó fi máa gé orin àgbà.

Ohun èlò márùn-ún

Ohun èlò márùn-ún péré ni ó tó láti bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà alágbèéká. Èyí tí ìrántí rẹ̀ jẹ́ gigabyte 8 tó fún iṣẹ́ ohùn àti ìlù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ohun èlò orin inú kọ̀ǹpútà jọ púpọ̀ ni yóò nílò 16. Kí ohun ìpamọ́ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí kò ní ohun tí ń yí nínú, nítorí pé inú ọkọ̀ ojú omi ni yóò máa gbà lọ gbà bọ̀, omi a sì máa gbé ọkọ̀ sókè sódò.

Èkejì ni ètò ìgbohùnsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà. Audacity tó fún ẹni tí ó fẹ́ gba ìtàn àti orin sílẹ̀ lásán. Reaper, tí ó jáde ní ọdún 2006, kò gbówó lórí, ó sì fúyẹ́ lára kọ̀ǹpútà àtijọ́. FL Studio ni ti ẹni tí ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà hun ìlù fúnra rẹ̀. Kò sí èyí tí kò dára nínú wọn. Èyí tí a bá mọ̀ lò dáadáa ni ó dára jù.

Ẹ̀kẹta ni àpótí tí mo ti mẹ́nu bà. Èyí tí ó ní ojú ihò méjì fún máíkì tó fún wa. Ẹ̀kẹrin ni máíkì, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi owó ṣòfò. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Irú kan ń béèrè iná volt 48 láti inú àpótí. Etí rẹ̀ mú gan-an, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ òkun, ó ń gbọ́ adìyẹ, ọ̀rinrin sì lè tètè mú un ṣe ségesège. Irú kejì kò béèrè iná kankan; bí Shure SM58 tí ó ti wà láti ọdún 1966 ni. Etí rẹ̀ kò mú tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le, ohun tí ó bá sún mọ́ ọn ni í sì í gbọ́ dáadáa. Fún ilé etí òkun, irú kejì yìí ni kí a kọ́kọ́ rà. Ẹ̀karùn-ún ni hẹ́dífóònù tí ó bo etí pátápátá. Kí a má tíì ra àpótí gbohùngbohùn ńlá. Nínú yàrá tí a kò tíì tún ṣe, irọ́ ni yóò máa pa fún wa.

Ilé tí ó dúró lórí òpó

Ní ọ̀pọ̀ ìletò etí omi Ìlàjẹ, orí òpó ni a kọ́ ilé sí, pákó ni ògiri àti ilẹ̀ rẹ̀, páànù sì ni òrùlé. Ọ̀tá mẹ́ta ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ní: ariwo tí ń ti ìta wọlé, ìró tí ń kọ lu ògiri tí ó sì ń padà, àti ilẹ̀ pákó tí ń gbé ẹsẹ̀ ènìyàn lọ sínú máíkì.

Ariwo ìta kò ṣeé dènà pátápátá nínú ilé pákó, nítorí ohun tí ó wúwo ni í dá ohùn dúró, pákó kò sì wúwo. Ṣùgbọ́n a lè fi ọgbọ́n rìn ín. Kí a yan yàrá tí ó jìnnà sí òkun jùlọ. Kí a ṣiṣẹ́ ní ìdájí kí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, kí a fi iṣẹ́ sílẹ̀. Máíkì tí mo dárúkọ ń gbọ́ iwájú rẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Nítorí náà, kí a kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí òkun, kí akọrin sì kọjú sí òkun. Lẹ́yìn èyí, kí akọrin sún mọ́ ọn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Nígbàkígbà tí a bá dín àyè tí ó wà láàárín ẹnu àti máíkì kù sí ìdajì, agbára ohùn tí ó kan máíkì tààrà yóò di nǹkan bí ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ni ariwo òkun kò ní yí padà. Kò sí ẹ̀rọ olówó gọbọi tí ó lè ṣe èyí fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ bí ìgbésẹ̀ kan síwájú.

Nípa ìró tí ń padà láti ara ògiri, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ni pé kí a fi ẹní kọ́ ara ògiri, pàápàá ní ilẹ̀ tí àwọn obìnrin ti mọ ẹní hun. Ẹní ṣe rere díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ìgbì ìró tí ń gbọ̀n ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá gùn tó mítà 3.45, ẹní fẹ́lẹ́ kò lè gba irú rẹ̀ mú. Ìró tín-ín-rín nìkan ni yóò mú, tí ohùn ìyá ìlù yóò sì máa hó nínú yàrá. Ohun tí ó nípọn ni a nílò: tìmùtìmù tí a gbé ró sí igun yàrá, aṣọ òkè tí a ká, àpò tí a di aṣọ sí. Kí a fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn àti ògiri, wọn yóò ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti ilẹ̀ pákó, kí a gbé ẹsẹ̀ igi máíkì lé orí aṣọ tí a ṣẹ́ lọ́nà mẹ́rin, kí ẹnikẹ́ni má sì rìn nígbà tí iṣẹ́ ń lọ.

Iná àti iyọ̀

Ìṣirò iná kò le. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àti àpótí rẹ̀ lè máa jẹ nǹkan bí watt 60. Iṣẹ́ wákàtí 5 yóò jẹ́ 300 watt-wákàtí. Bátìrì volt 12 tí ó jẹ́ ampere-wákàtí 100 ní 1,200 nínú, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ irú olójé, kí a má lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kí ó má baà tètè kú. 600 ni ó kù fún wa nígbà náà, ó sì tó fún ọjọ́ kan pẹ̀lú ohun tí ínfátà yóò jẹ. Pátákó sólà tí ó jẹ́ watt 150, bí oòrùn bá ràn án dáadáa fún wákàtí 4, yóò dá 600 náà padà. Ní àkókò òjò, kí a má gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò yìí. Kí a dín iṣẹ́ kù.

Ewu kan wà nínú iná tí ènìyàn kì í tètè fura sí. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú kì í fúnni ní iná tí ó dán, ariwo rẹ̀ a sì máa kùn bí oyin nínú ohun tí a gbà sílẹ̀. Oògùn rẹ̀ rọrùn: kí a fi iná kún kọ̀ǹpútà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a yọ wáyà rẹ̀ nígbà tí akọrin bá dìde, kí bátìrì inú rẹ̀ máa gbé iṣẹ́ lọ.

Iyọ̀ ni ọ̀tá kejì. Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀, iyọ̀ ń fa ọ̀rinrin, ọ̀rinrin sì ń jẹ ẹnu wáyà. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí a fi aṣọ gbígbẹ nu ẹ̀rọ, kí a sì kó o sínú ike tí ó dé gbọn-in, pẹ̀lú àwọn àpò wẹ́wẹ́ tí ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tí à ń bá nínú páálí bàtà tuntun.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀

Kí akọrin kọ ibi tí ó le jùlọ nínú orin rẹ̀ kí a fi wọn ohùn rẹ̀. Lójú ìwọ̀n inú kọ̀ǹpútà, òdo ni òpin. Kí ibi tí ó ga jùlọ má kọjá 12 nísàlẹ̀ òdo. Ẹyin ni ohùn: bí ó bá kọjá òdo, ó ti fọ́, a kò sì lè kó o jọ mọ́.

Ohùn tí ń wọ kọ̀ǹpútà kí ó tó padà sínú hẹ́dífóònù a máa pẹ́ díẹ̀. Bí a bá yan ìwọ̀n 256 fún ẹ̀kún kan nínú 44,100, ìdádúró ẹ̀kún náà tó 0.006 ìṣẹ́jú àáyá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jìnnà sí onílù ní mítà 2. Èyí kò ṣe nǹkan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ó bá lé sí 2,048, ó di bí mítà 16. Akọrin yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣìnà.

Àṣà àwọn yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ńlá ni pé kí olúkúlùkù kọ ti rẹ̀ lọ́tọ̀: ìlù lónìí, ohùn lọ́la, ègbè ní ọ̀túnla, kí aago inú kọ̀ǹpútà sì máa ro tó, tó, tó sí wọn létí. Fún orin ìjó òde òní, ó dára. Ṣùgbọ́n fún orin bí bírípo àti orin ìbílẹ̀ mìíràn tí a ń lé tí a ń gbè, ó lè pa orin. Ẹni tí ń lé orin ń wo ojú onílù, onílù ń gbọ́ èémí rẹ̀, àwọn elégbè sì mọ ìgbà tí yóò yà kúrò lójú ọ̀nà. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ gba gbogbo wọn papọ̀ pẹ̀lú máíkì méjì, ọ̀kan fún ẹni tí ń lé, ọ̀kan fún ègbè àti ìlù. Bí a bá ti ní èyí lọ́wọ́, a lè wá ṣe èyí tí a pín sí wẹ́wẹ́.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ̀rọ ṣe sí èdè wa

Ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà gan-an. Ní ọdún 1997, Andy Hildebrand, ẹni tí ó ti fi ìmọ̀ ìgbì ìró wá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀, gbé Auto-Tune jáde, ètò tí ó ń fa ohùn akọrin tí ó yẹ̀ padà sí ojú ìró tí ó tọ́. Lónìí, irú ètò bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ orin. Àwọn tí ó ṣe é kò ní èdè olóhùn bíi tiwa lọ́kàn. Nínú Yorùbá, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Nígbà tí obìnrin etí omi bá kọrin pé ọkọ̀ òun ti dé, ohùn rẹ̀ yóò yọ́ lọ sílẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ̀rọ bá rí yíyọ́ náà bí àṣìṣe, tí ó sì mú un dúró gbọnrangandan lójú kan, olùgbọ́ lè gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ni ó dé. Ẹ̀rín lè pa wá nígbà tí a bá gbọ́ ọ; ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ oríkì ìdílé tàbí orúkọ baba ńlá ẹni, kò jẹ́ ẹ̀rín mọ́. Gángan pẹ̀lú, tí ń fi yíyọ́ sọ̀rọ̀, yóò di ìlù lásán.

Ètò mìíràn ń mú ìlù tí ó fi díẹ̀ pẹ́ tàbí yá padà sójú aago. Kí a má lò ó fún ìlù tí ènìyàn lù, nítorí pé pípẹ́ àti yíyá yẹn ni ìjó wà. Ẹ̀kẹta ni ètò tí ń pa ariwo rẹ́. Ẹni tí ó wà ní etí òkun yóò fẹ́ràn rẹ̀ jù, ewu rẹ̀ sì ni ó pọ̀ jù fún un. Híhó òkun àti ìró s, ṣ àti f jọ ara wọn lójú kọ̀ǹpútà. Bí a bá lé òkun jáde pẹ̀lú ipá, yóò mú àwọn ìró wọ̀nyí dání lọ. Àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù ìlà-oòrùn Yorùbá, tí Ìlàjẹ wà nínú wọn, tún ní ìró kan tí à ń fi gh kọ, tí à ń gbé jáde láti ẹ̀yìn ẹnu, tí kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò mọ́. Ìró náà rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ̀rọ bá pa á rẹ́, ọmọ tí yóò gbọ́ ohùn náà ní ogún ọdún sí i yóò rò pé bí a ti ń sọ ọ́ ní Ìbàdàn ni a ti ń sọ ọ́ ní Etíkan. Nígbà náà, àwa fúnra wa ni a ti fi ẹ̀rọ ìpamọ́ pa ohun tí a fẹ́ pamọ́.

Nítorí náà, òfin kan ni kí a fi de ara wa: kí ohun tí a gbà sílẹ̀ ní àkọ́kọ́ wà bí ó ti wà, láìfọwọ́ kàn án. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí a máa ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Kí àkọ́kọ́ náà jẹ́ WAV, kì í ṣe MP3, nítorí MP3 a máa ju ohun tí ó rò pé etí kò nílò nù, kò sì lè dá a padà mọ́.

Ìpamọ́ àti ẹ̀tọ́

Kí ẹ̀dà mẹ́ta wà fún ohun gbogbo, lórí ohun ìpamọ́ oríṣi méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ìlú mìíràn. Ní etí òkun, èyí kì í ṣe àṣejù. Kí ọ̀kan wà ní Òkìtìpupa tàbí ní ilé ìkàwé yunifásítì kan. Kí a kọ ọjọ́, ìlú, irú orin, àti orúkọ tí akọrin fẹ́ kí a fi pe òun mọ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ohùn tí kò ní orúkọ, bí ọmọ tí ó sọnù lọ́jà ni.

Kí a sì gba àṣẹ. Òfin Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà, èyí tí a tún ṣe ní ọdún 2022, dá ẹ̀tọ́ òṣèré mọ̀ lórí ohun tí ó ṣe, ó sì ní ohun tí ó sọ nípa iṣẹ́-ọnà àbáláyé. Yàtọ̀ sí òfin, àwọn orin kan wà tí kì í ṣe ti gbogbo etí. Bí àgbà bá sọ pé orin kan kò gbọdọ̀ jáde, kí olùkọ́ pa ẹ̀rọ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa, gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí lè wọ inú àpò kan, kí ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi kan dé Etíkan. Ìmọ̀ láti lò ó kò le ju ohun tí à ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé gíga lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀, kò sì mọ ìró tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ yàtọ̀ sí híhó òkun. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó mọ èdè ni kí ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ, kí ó sì jókòó síbẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ orin ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.